Ilé-Tíì Olówó Pọ́ọ́kú ní Ẹ̀yìn Ìlú: Ìtàn Dim Sum láti Guangzhou dé Ẹ̀gbẹ́ Òkè Tai Mo Shan

Nígbà tí olórí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa gbọ́ pé oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó bi mí bóyá ebi ni ó ń pa mí. Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe ebi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní ìtàn, ogun àti oyè ni mo sì ti fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sọ. Lónìí, ilé oúnjẹ kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìlú òkèèrè, tí kò lọ́ṣọ̀ọ́, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Ní ọdún 2018 ni ìpàdé àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbé mi dé Hong Kong. Ní ọjọ́ kejì tí ìpàdé parí, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà wá lálejò ní kí n bá òun àti ìyá òun lọ jẹun òwúrọ̀. Mo rò pé àárín ìlú ni a ó lọ, láàrin àwọn ilé gogoro tí ẹ máa ń rí nínú àwòrán. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni a wọ̀ títí dé Tsuen Wan, níbi tí ojú irin náà parí sí. Láti ibẹ̀, a wọ bọ́ọ̀sì kékeré kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 80, irú èyí tí àwa ìbá pè ní dánfó, ó sì ń gun òkè lọ lójú ọ̀nà kan tí ó ń lọ́ bí ejò. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n la ọ̀nà náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí wọ́n lè máa ti Tsuen Wan lọ sí Shek Kong. Twisk ni wọ́n ń pè é, láti inú àwọn lẹ́tà tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ibi méjèèjì. Abúlé Chuen Lung ni a sọ̀ sí, abúlé àwọn ẹ̀yà Hakka, ní ẹ̀gbẹ́ Tai Mo Shan, òkè tí ó ga jù lọ ní Hong Kong, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 957.

Ilé-tíì tí a wọ̀ kò fi nǹkan kan pe ara rẹ̀. Tábìlì lásán, àga lásán, àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn láti ìdájí, àti àwọn ẹyẹ wọn nínú àgò tí wọ́n fi kọ́ sókè. Mo ní ẹyẹ wọn: àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ a máa gbé ẹyẹ olóhùn dídùn wá sí ilé-tíì, gẹ́gẹ́ bí àgbà tiwa ti ń gbé ọpọ́n ayò lọ sí abẹ́ igi. Ẹnikẹ́ni kò wá bi wá ní ohun tí a fẹ́ jẹ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ni ó mú ìkòkò kékeré, tí ó bu ewé tíì sí i, tí ó sì da omi gbígbóná lé e lórí. Ọmọ rẹ̀ mú mi lọ sí ẹnu ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti to àwọn apẹ̀rẹ̀ kéékèèké tí a fi ọparun hun léra wọn lórí ooru omi. Ènìyàn a ṣí ọmọrí, a wò, a sì mú èyí tí ó bá wù ú. Mo rí edé tí a fi ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé, tí pípupa rẹ̀ ń hàn síta. Mo rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gígé wẹ́wẹ́ tí a dì bí ẹni di owó sí ìdí ìró. Mo rí búrẹ́dì funfun tí a fi ooru sè, tí ó rọ̀ bí òwú, tí ẹran dídùn sì wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ náà kò gbẹ́yìn. Nílé wa, ọmọdé ni a ń fi ẹsẹ̀ adìẹ tù nínú. Níbẹ̀, àgbà ni wọ́n fi ń tọ́jú. A sì tún jẹ ewébẹ̀ tútù kan tí abúlé náà fi gbajúmọ̀, èyí tí wọ́n ń gbìn sínú omi tí ó ń ṣàn láti orí òkè. Orúkọ tí wọ́n ń pè é túmọ̀ sí ewébẹ̀ òkun ìwọ̀-oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé ọ̀pẹ òyìnbó. Ibi tí nǹkan ti wá a máa fara pamọ́ sínú orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni ó yẹ kí n ti mú dim sum fúnra rẹ̀. ‘Dim’ ni kí a fi ọwọ́ kan nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́. ‘Sum’ ni ọkàn. Ọ̀gbẹ́ni Wu Zeng, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìlá, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ìgbà òun ń pe oúnjẹ kékeré tí a ń jẹ ní òwúrọ̀, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ayé ìjọba Tang. Ìpanu ni, kì í ṣe oúnjẹ àjẹyó. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Guangzhou àti Hong Kong bá ń lọ jẹ ẹ́, wọn kì í sọ pé àwọn ń lọ jẹun. ‘Yum cha’ ni wọ́n ń wí, èyí ni pé wọ́n ń lọ mu tíì, bí àwa náà ti ń sọ pé a ń lọ mu ẹmu, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹran ìgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìlú ni ó ń fà wá lọ.

Bí ìyá náà ti bu tíì sí ife ọmọ rẹ̀, ọmọ náà fi ìka méjì lu tábìlì jẹ́jẹ́. Mo bi í ní ìdí rẹ̀. Ìtàn tí ó sọ fún mi ni gbogbo ènìyàn ń sọ: ọba Qianlong pa ara dà, ó wọ ilé-tíì bí ará ìlú, ó sì bu tíì fún ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀, kí àṣírí ọba má baà tú. Nítorí náà ó tẹ ìka rẹ̀, ó fi wọ́n kúnlẹ̀ lórí tábìlì. Inú mi dùn sí i bí Yorùbá, nítorí pé ibi tí àyè ìdọ̀bálẹ̀ kò bá sí, ìka náà lè dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ ìtàn, n kò lè gbé e mì. Ìgbà mẹ́fà ni Qianlong rin ìrìn-àjò ọba lọ sí gúúsù, láàrin ọdún 1751 àti 1784, agbègbè Jiangsu àti Zhejiang ni ó sì ń lọ. Kò dé Guangdong tí àṣà yìí ti fìdí múlẹ̀ rárá. Ohun tí ó gba àròjinlẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ní àṣà tí ó dára tó báyìí gbà pé kò lè níyì bí kò bá jẹ́ pé ọwọ́ ọba ni ó ti wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Mélòó nínú àṣà tiwa ni a kò tíì so mọ́ ìdí adé kan?

Ibi tí ẹ̀rí ń tọ́ka sí yàtọ̀. Láti ọdún 1757 títí di 1842, Guangzhou nìkan ni èbúté tí ìjọba Qing gbà kí àwọn oníṣòwò Yúróòpù tí wọ́n gba ojú òkun wá máa tajà. Tíì, sílíìkì àti àwo tanganran ń gba ibẹ̀ jáde, orí àti èjìká ènìyàn ni wọ́n sì ń gbà dé inú ọkọ̀. Ìlú tí ó kún fún alábàárù àti atukọ̀, ìlú tí ó kún fún ẹni tí ebi ń pa kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Ní ayé ọba Xianfeng àti Tongzhi, láàrin ọdún 1851 sí 1875, a rí àwọn ilé kan ní Guangzhou àti agbègbè rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ‘yi lei gun’, èyíinì ni ilé olówó lí méjì. Tábìlì onípákó, bẹ́ǹṣì onípákó, ìkòkò tíì, àti àkàrà òyìnbó wẹ́wẹ́ tí ó ń di ebi mú: kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Lí méjì ni owó tíì. Lí méjìléláàádọ́rin ni ó wà nínú owó fàdákà kékeré kan, tí í ṣe ìdá mẹ́wàá owó fàdákà ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ẹni mẹ́rìndínlógójì lè fi owó fàdákà kékeré kan ṣoṣo mu tíì. Ilé olówó lí méjì yìí ni ìyá tí ó bí gbogbo ilé dim sum tí ó wà láyé lónìí, títí kan àwọn tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì.

Nígbà tí owó wọ inú òwò náà, àwọn olówó kọ́ ilé-tíì alágbèékà. Iye owó tíì a sì máa ga bí àgbékà ti ń ga sí i. Òwe àwọn ará Guangdong wà lórí èyí: ẹni tí ó bá lówó a gun àgbékà lé àgbékà, ẹni tí kò ní a lóṣòó sí ìsàlẹ̀. Tíì kan náà, ewé kan náà, omi kan náà. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń jẹ ohun tí wọ́n ń pè ní ‘ife kan, ìpanu méjì’, tí yóò sì jókòó tì í títí agogo iṣẹ́ yóò fi lù. Ní àwọn ọdún 1920, ìdíje di líle ní Guangzhou. Àwọn ilé-tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwọn ìpanu wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ sí dim sum lónìí, àkókò yẹn ni ó gbilẹ̀.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí edé tí a wé ní ìyẹ̀fun, nítorí òun ni wọ́n fi ń dán ọwọ́ alásè wò. Ohun tí àwọn ará Guangzhou fúnra wọn ń sọ ni pé kì í ṣe ilé ńlá kankan ni ó ti wá. Wọ́n ní ilé-tíì kékeré kan ní abúlé Wufeng, ní òdì kejì odò, lẹ́yìn ìlú, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ra edé lọ́wọ́ apẹja bí ó ti ń jáde láti inú omi, tí wọ́n sì ń wé e tà. Àwọn ilé ńlá gbọ́, wọ́n wá jẹ ẹ́, wọ́n sì gbé e lọ sí àárín ìlú. N kò lè fi ìwé àṣẹ fi ìdí ìtàn yìí múlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó yàtọ̀ sí ti Qianlong: kò sí ẹni tí ó jèrè ohunkóhun nínú sísọ pé ẹ̀yìn odò ni nǹkan rere ti wá.

Hong Kong ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ọdún 1842 nípa àdéhùn Nanking, àwọn ará Guangdong sì gbé ilé-tíì wọn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kónílé-ó-gbélé wà níbẹ̀. Láti àwọn ọdún 1840 títí di 1897, ará Ṣáínà tí ó bá jáde ní òru gbọ́dọ̀ mú àtùpà àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́; òfin náà kò kan òyìnbó. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún òwò tí ìdájí jẹ́ ọjà rẹ̀. Alásè tí ó yẹ kí ó ti máa po ìyẹ̀fun ní aago mẹ́ta òru, bí ó bá jáde láìmú ìwé lọ́wọ́, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Àwa tí ìjọba kan náà ṣàkóso mọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ṣe é kì í jí jáde ní òròòwúrọ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ilé-tíì kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn Jàpáànì kógbá wọlé, nǹkan bí 600,000 ènìyàn ni ó kù ní Hong Kong. Nígbà tí yóò fi di 1951, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù méjì, nítorí ogun abẹ́lé tí ó lé àwọn ènìyàn kúrò ní Ṣáínà. Àwọn ọlọ́rọ̀ aláṣọ láti Shanghai gbé ẹ̀rọ wọn wá, Tsuen Wan sì wà lára ibi tí wọ́n fi ìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀kan nínú wọn, Cha Chi-ming, dá ilé-iṣẹ́ aláró sílẹ̀ ní Tsuen Wan ní ọdún 1949. Ní ọdún 1964, òun kan náà ni ó dá United Nigerian Textiles sílẹ̀ ní Kaduna. Ọ̀nà tí ó wà láàrin ìsàlẹ̀ òkè yẹn àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá wa kò jìn tó bí a ti rò.

Mo mọ èyí nínú ìwé kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n kò yé mi dé ọkàn àfi ìgbà tí ìyá náà na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì. Àǹkárá ni mo wọ̀. Ó di etí aṣọ mi mú láàrin ìka méjì, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá aró náà mu ún dé òdì kejì. Ó sọ̀rọ̀ kan, ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: iṣẹ́ aró ni òun ṣe nígbà ọmọge, ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìsàlẹ̀ òkè yìí, wọ́n máa ń ṣe aṣọ aláwòrán ńláńlá tí kò yé àwọn, wọ́n á ní Áfíríkà ni ó ń lọ. Mo bi í bóyá ilé-tíì ni wọ́n ti ń jẹun nígbà náà. Ó mi orí. Ó ní ọkùnrin ni ó ń jókòó ní ilé-tíì. Àwọn ọmọbìnrin a ra búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ. Ó ní òun ti di ìyá ọmọ mẹ́ta kí òun tó fìdí kan àga ilé-tíì rí, nígbà tí àwọn ilé ńlá ti dé, tí wọ́n ń ti oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ láti tábìlì dé tábìlì, tí ìdílé sì ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Gbólóhùn yẹn dí mi lọ́wọ́ nínú èrò tí mo ti ń gbé bọ̀. Mo ti fẹ́ wí pé ilé-tíì olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ilé gbogbo mẹ̀kúnnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì mẹ̀kúnnù wà ní ẹnu ọ̀nà.

Kí ni ó wá dé tí ẹni tí ó ń wá dim sum olówó pọ́ọ́kú fi ní láti gun òkè? Owó ilé ni. Ní ọdún 2009, Mak Kwai-pui, tí ó ti ṣe alásè ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ṣí ilé kóńkóló kan tí ń jẹ́ Tim Ho Wan ní Mong Kok pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìwé Michelin fi fún un ní ìràwọ̀ kan, gbogbo ayé sì ń ròyìn rẹ̀ pé òun ni ilé oníràwọ̀ tí oúnjẹ rẹ̀ pọ̀ jù lọ́pọ̀. Ènìyàn tò lọ bí irè. Ní 2013, wọ́n ti kúrò nínú ilé yẹn, nítorí owó ilé. Lin Heung ní Wellington Street, tí ìdí rẹ̀ lọ títí dé Guangzhou ní ọdún 1889, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2022 lẹ́yìn ìgbà àrùn kòrónà, kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2024. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn wọ̀nyí àti ilé orí òkè kò sí nínú adùn. Ní orí òkè, ilẹ̀ kò wọ́n. Oníbàárà ni ó ń po tíì ara rẹ̀, tí ó ń gbé oúnjẹ ara rẹ̀, owó agbáwo kò sì sí nínú iye tí a ń san. Àtẹ̀gùn ayé àtijọ́ ti yí padà ni: nígbà kan, ẹni tí kò lówó ni ó ń lóṣòó sí ìsàlẹ̀, nísinsìnyí, òun ni ó ń gun òkè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí. Ìyá mi ta ẹ̀kọ àti àkàrà ní ẹ̀bá ibùdó ojú irin ní Òṣogbo. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, àwọn alábàárù, àwọn oníkòkó tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń panu. Mo mọ̀ pé ọdún 1907 ni ojú irin dé Òṣogbo. Mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì tí n kò lè kà. N kò mọ èló ni ìyá mi ń ta àkàrà kan ní ọdún tí a bí mi. N kò mọ ẹni tí ó ń ra ìwọ̀ fún, n kò mọ iye tí ó ń san fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ tí ó ń jókòó sí, n kò mọ ọdún tí wọ́n lé e kúrò níbẹ̀. N kò bi í, ó sì ti kú. Ìwé ẹ̀rí ìgbaoyè mi lórí àwọn ogun Yorùbá, òun náà ni ó fi owó àkàrà san apá kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kí a tó dìde ní Chuen Lung, mo ní kí ọmọ náà bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè kan: èló ni búrẹ́dì ẹlẹ́ran kan ní ọdún tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ aró? Ó wo òkè, ó wo ẹyẹ inú àgò, ó sì sọ ọ́, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń san fún un lóòjọ́, àti iye tí búrẹ́dì náà di ní ọdún tí ó bí àkọ́bí. Ọmọ náà dákẹ́. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Àwọn tí wọ́n ni ilé-tíì ti wá ka apẹ̀rẹ̀ orí tábìlì wa, wọ́n sì ti kọ iye owó sórí bébà pélébé kan. Fún ẹni mẹ́ta, kò tó ohun tí òtẹ́ẹ̀lì mi ń gbà fún oúnjẹ òwúrọ̀ ẹnì kan. Ó yí bébà náà padà, ó yá bírò lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí ìyá òun tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀sì méjì kọjá lọ kí a tó kúrò níbẹ̀.